Ǹjẹ́ Títò Àwọn Ihò Lè Yí Iye Gbígbá Padà? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Eré Gọ́ọ̀fù

Bí ìyá ọlọ́sàn bá to ọsàn sí òkìtì 18 lórí ẹní, tí ó sì ń fẹ́ mọ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, kò sí ohun tí ó kan ìṣirò bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún tàbí láti apá òsì. Bí ó bá ti ka òkìtì gbogbo pé, tí kò sì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, iye kan náà ni yóò bá. Òtítọ́ yìí rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi lè sọ ọ́ láìronú. Síbẹ̀, nínú eré gọ́ọ̀fù, níbi tí òṣèré ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí ihò 18, àwọn tí ó ti gbó nínú eré náà ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan: ǹjẹ́ bí àwọn ihò ti tẹ̀ lé ara wọn lè mú kí iye ẹni pọ̀ sí i tàbí kí ó dínkù? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ife ẹ̀yẹ àti owó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ju méjèèjì lọ ni pé òdodo láàrin àwọn tí ń díje wà nínú rẹ̀.

BÍ ERÉ NÁÀ TI RÍ

Gọ́ọ̀fù jẹ́ eré tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù líle kékeré, tí kò tó ẹyin adìyẹ, láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ kan lọ sí inú ihò kan tí a gbẹ́ sí ilẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹnu ihò náà kò fẹ̀ ju ínṣì mẹ́rin àti ìdámẹ́rin lọ. Gbogbo ìgbà tí òṣèré bá gbá bọ́ọ̀lù ni a ń kà sí i lọ́rùn, nítorí náà ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ihò kan a máa kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi retí kí ọ̀jáfáfá fi gbígbá 3 parí rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ti gbígbá 4, òmíràn sì gùn títí ó fi di ti gbígbá 5. Iye tí a retí yìí ni wọ́n ń pè ní páà. Ẹni tí ó bá rin ihò 18 parí yóò ti rin máìlì 4 tàbí 5, yóò sì ti lo nǹkan bí wákàtí mẹ́rin.

Iye ihò náà kì í ṣe ohun tí ó ti ọ̀run wá. Ní ìlú St Andrews, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, níbi tí eré náà ti gbilẹ̀ láti ayé àtijọ́, ihò 22 ni wọ́n ń gbá kí ìpele kan tó parí. Àwọn ihò kan náà tí wọ́n gbá ní àlọ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n tún ń gbá ní àbọ̀. Ní ọdún 1764 ni wọ́n sọ ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ di méjì. Bí méjì ti dín ní àlọ, bẹ́ẹ̀ ni méjì dín ní àbọ̀, iye náà sì di 18, èyí tí gbogbo ayé wá tẹ̀ lé lẹ́yìn náà.

Ní ìlú Prestwick, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì kan náà, ihò 12 péré ni ó wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ńlá ti Open ní ọdún 1860. Òṣèré mẹ́jọ ni ó wá. Wọ́n yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kan, ó di ihò 36, Willie Park sì gba ẹ̀yẹ pẹ̀lú gbígbá 174. Níbẹ̀, olúkúlùkù pàdé ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà kan nígbà tí ara ṣì le, ìgbà kan nígbà tí ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń gbá ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré ní ọjọ́ kan, ìgbà tí ènìyàn bá pàdé ihò tí ó le di ọ̀rọ̀.

OHUN TÍ ÌṢIRÒ SỌ

Kí a fi Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe àpẹẹrẹ. Táíwò fi gbígbá 40 parí ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ó sì fi 44 parí mẹ́sàn-án ìkẹyìn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84. Bí a bá ka mẹ́sàn-án ìkẹyìn ṣáájú, 44 àti 40, 84 náà ni. Bí a bá tilẹ̀ da gbogbo ihò 18 rú bí ẹni da èso ayò rú nínú àpò, tí a sì ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, 84 ni yóò jẹ́. Bí iye tí ènìyàn gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan bá dúró bí ó ti wà, ètò kò lè fi ẹyọ kan kún un, kò sì lè yọ ẹyọ kan kúrò.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nínú ìdíje ihò sí ihò. Nínú irú ìdíje yìí, a kì í ro gbogbo gbígbá pọ̀. Ẹni tí ó bá fi gbígbá díẹ̀ parí ihò kan ni ó gba ihò náà, bí wọ́n bá sì ṣe ọgbọọgba, kò sí ẹni tí ó gbà á. Ìdíje parí nígbà tí ihò tí ẹnì kan fi ṣáájú bá ti ju iye ihò tí ó kù lọ. Nítorí pé wọn kì í gbá gbogbo ihò tán nígbà mìíràn, ó jọ bí ẹni pé ètò lè sọ ẹni tí yóò borí.

Kí a wò ó dáadáa. Kí a sọ pé, bí wọ́n bá gbá gbogbo ihò 18, Táíwò ni yóò gba 10, Kẹ́hìndé yóò gba 6, wọn yóò sì ṣe ọgbọọgba ní 2. Bí ihò mẹ́wàá ti Táíwò bá ṣáájú, ìdíje ti parí ní ihò kẹwàá, nítorí ó fi 10 ṣáájú, 8 péré ni ó sì kù. Ó jọ ìṣẹ́gun ńlá. Ṣùgbọ́n bí mẹ́fà ti Kẹ́hìndé bá ṣáájú, tí ọgbọọgba méjì tẹ̀ lé e, Kẹ́hìndé ni yóò máa yangàn ní ihò kẹjọ. Táíwò yóò lé e bá ní ihò kẹrìnlá, yóò sì borí ní ihò kẹtàdínlógún, nígbà tí ó fi 3 ṣáájú tí ihò 1 péré kù. Ìròyìn méjèèjì yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru, síbẹ̀ Táíwò náà ni ó borí. Ìdí rẹ̀ kò le: ẹni tí a fi ihò tí ó ju èyí tí ó kù lọ ṣáájú, bí ó tilẹ̀ gba gbogbo èyí tí ó kù, kò lè bá ẹni iwájú mọ́. Nítorí náà, ètò lè sọ ìgbà tí ìdíje yóò parí, ó lè sọ bí ìṣẹ́gun yóò ti tóbi tó lójú àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n kò lè gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE PÁLÍ ÌṢIRÒ

Ohun tí ìṣirò sọ yìí dúró lórí ìpìlẹ̀ kan: pé iye tí ènìyàn gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan kò yí padà. Ọsàn lórí ẹní kì í rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kì í bà á. Ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí kò tíì móoru kò lè ṣe bí èyí tí ó ti móoru, ẹsẹ̀ tí ó ti rin máìlì mẹ́rin kò sì lè dúró bí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní pápá Ìkòyí ní Èkó ní kùtùkùtù yóò gbádùn ìtura àárọ̀ ní àwọn ihò ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn yóò ti mú kí ó tó dé àwọn ti ìkẹyìn. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yàwòrán pápá a máa fi ihò tí kò le jù ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ara lè kọ́kọ́ yá, kí èrò má sì ṣù jọ sí ojú kan.

Ojú ọjọ́ náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlú Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, Bobby Jones, ògbóǹtarìgì òṣèré, àti Alister MacKenzie, oníṣègùn tí ó di ayàwòrán pápá, ṣe pápá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje ńlá àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1934, àwọn ihò tí à ń pè ní 10 títí dé 18 lónìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbá. Ṣùgbọ́n apá kan ibẹ̀ wà ní ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, tí òjìji bò, ìrì dídì kì í sì tètè yọ́ kúrò lórí koríko rẹ̀ ní àárọ̀. Kí ìdíje ọdún 1935 tó dé, wọ́n ti yí ètò padà: mẹ́sàn-án ìkẹyìn di ti àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ti ìkẹyìn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án mìíràn. Nọ́ńbà ni wọ́n pààrọ̀, kí òṣèré má baà pàdé àwọn ihò náà kí oòrùn tó dé ibẹ̀.

Ọkàn ènìyàn ni ó wá ṣòro jù lọ. Ní ọdún 1935 yìí kan náà ní Augusta, Craig Wood ti parí tirẹ̀, ó sì ti ń dúró de ẹ̀yẹ. Gene Sarazen ṣì wà lórí pápá, gbígbá 3 ni Wood sì fi ṣáájú rẹ̀ ní ìfiwéra pẹ̀lú páà. Nígbà tí Sarazen dé ihò 15, èyí tí páà rẹ̀ jẹ́ 5, ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kejì láti ibi tí ó jìnnà tó nǹkan bí yáàdì 235, bọ́ọ̀lù náà sì wọ inú ihò lọ. Gbígbá 2 péré ni ó fi parí rẹ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ dí àlàfo mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì parí sí iye kan náà, ní ọjọ́ kejì wọ́n tún gbá ihò 36, Sarazen sì fi gbígbá 5 borí.

Ihò 15 náà ni ìbá jẹ́ ihò 6 bí wọ́n bá fi ètò ọdún 1934 sílẹ̀. Ní ti ìṣirò, gbígbá 2 ní ihò 6 kò yàtọ̀ sí gbígbá 2 ní ihò 15. Ṣùgbọ́n ní ihò 6, Sarazen kì bá tíì rí ìparí ọ̀nà, ihò 12 ni ì bá sì kù níwájú rẹ̀. Ní ihò 15, ó mọ iye tí ó ń lé, ó mọ̀ pé àyè ti ń tán, ó sì yàn láti gbìyànjú ohun tí ẹni tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lè má dáwọ́ lé. Ibí yìí ni ètò ti ń ṣiṣẹ́ nínú òṣèré. Kì í fi ọwọ́ kan ìwé tí a ń kọ iye sí. Ọkàn ẹni tí ń gbá ni ó ń fi ọwọ́ kàn.

YÍYÍ ÈTÒ ÀTI YÍYÍ Ọ̀NÀ

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ohun tí wọ́n ṣe ní Augusta jẹ́ yíyí ètò: ihò kọ̀ọ̀kan dúró bí ó ti wà, ìgbà tí a ó gbá a nìkan ni ó yàtọ̀. Ní St Andrews, wọ́n ṣe ohun tí ó ju èyí lọ. Láyé àtijọ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yí pápá náà ká, ọ̀nà ọ̀tún àti ọ̀nà òsì, ìdíje ńlá ti àwọn tí kì í gbá gọ́ọ̀fù fún owó sì wáyé ní ọ̀nà òsì ní ọdún 1886. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà kejì kò gbá àwọn ihò kan náà ní ètò mìíràn. Pápá mìíràn ni ó ń gbá, bí ilẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Kòtò oníyanrìn tí ó hàn kedere láti apá kan lè fara pamọ́ láti apá kejì. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko ní àárọ̀, tí ó sì bojú wẹ̀yìn nígbà tí ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mọ̀ pé ọ̀nà àlọ kò jọ ọ̀nà àbọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé iye òun yí padà nítorí pé wọ́n yí pápá St Andrews po kò jiyàn pẹ̀lú ìṣirò rárá.

IBI TÍ ÈTÒ TI Ń SỌ ẸNI TÍ YÓÒ GBA IFE

Ó ku ibì kan tí ètò ti lè gba ife lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, bí gbígbá kan kò tilẹ̀ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ibi tí àwọn méjì bá ti parí sí iye kan náà. Ní Augusta, wọn a tún gbá ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìdíje ti ẹgbẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú tí àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ lọ sílé, ìwé ni wọ́n ń wò. Wọn a wo ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù ní ihò mẹ́sàn-án ìkẹyìn. Bí ó bá tún dọ́gba, wọn a wo mẹ́fà ìkẹyìn, lẹ́yìn náà mẹ́ta ìkẹyìn, lẹ́yìn náà ihò 18 nìkan.

Kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ìbejì. Táíwò gbá 40 àti 44, ó jẹ́ 84. Kẹ́hìndé gbá 44 àti 40, ó jẹ́ 84. Nípa òfin yìí, Kẹ́hìndé ni ó gba ife, nítorí 40 ni tirẹ̀ ní mẹ́sàn-án ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá ti yí àwọn mẹ́sàn-án náà padà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe ní Augusta, tí àwọn méjèèjì sì gbá iye kan náà ní ilẹ̀ kan náà, Táíwò ni ìbá gbé ife lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù dára ju bí ó ti gbá a lọ, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Nọ́ńbà tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò ni ó pín ife.

ÒFIN ÀTI ÒDODO

Nítorí irú nǹkan báyìí ni òfin gọ́ọ̀fù kò fi jẹ́ kí òṣèré to ihò fún ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe ìdíje ni ó ń pàṣẹ ètò tí a ó fi gbá wọn. Nínú ìdíje àròpọ̀, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ihò kan láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò jẹ ìyà gbígbá 2, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ tún un ṣe. Bí kò bá tún un ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ihò mìíràn, wọn yóò lé e kúrò nínú ìdíje.

Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ lè mú kí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1956, ní ìlú Walla Walla ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Jim Russell, olùkọ́ gọ́ọ̀fù, pín àwọn òṣèré sí orí gbogbo ihò, ó sì yin ìbọn sókè kí gbogbo wọn lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, wọ́n ń fi ìbọn pe irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn jọ parí, òjò tí ó bá pa ẹnì kan ni ó pa gbogbo wọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ihò ìkẹyìn ẹnì kan lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà ni ìmọ̀ràn fi wà pé, bí iye bá dọ́gba, kí ìgbìmọ̀ ka ihò 10 sí 18 sí mẹ́sàn-án ìkẹyìn fún gbogbo ènìyàn, níbikíbi tí olúkúlùkù ìbáà ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ṣáájú.

Nínú àwọn ìdíje ńlá tí ó gba ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀nà mìíràn tún wà. Níbi tí wọ́n bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ihò 1 àti ihò 10, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ihò 1 ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní a sábà bẹ̀rẹ̀ ní ihò 10 ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wọn kò lè pàṣẹ fún afẹ́fẹ́ pé kí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè pín in kí ó kan tọ̀tún tòsì.

ÈRÈ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ìdáhùn ìbéèrè náà, nígbà náà, pín sí mẹ́ta. Ní ti ìṣirò, ètò kò yí iye padà. Ní ti ènìyàn, ètò lè yí i padà, nítorí ara, oòrùn, ìrì àti ọkàn kì í dúró sí ojú kan. Ní ti òfin, ètò lè sọ ẹni tí yóò gba ife nígbà tí iye bá dọ́gba, èyí ni ó sì fà á tí ó fi yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ òfin náà kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó fò.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí orí pápá gọ́ọ̀fù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ yàrá ìdánwò lè dáhùn ìbéèrè kẹfà ṣáájú ti èkíní. Máàkì kò ní dín nítorí èyí, ṣùgbọ́n bí ó bá fi èyí tí ó le jù ṣe ìbẹ̀rẹ̀, tí àkókò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tí ó mọ̀ dájú kò ní sí lórí ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́n a mọ ibi tí ètò kò ti ṣe nǹkan kan, a sì mọ ibi tí ó ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Olóòótọ́ adájọ́ ìdíje, ẹ̀wẹ̀, kì í dúró di ìgbà tí ife bá di méjì lọ́wọ́ kí ó tó sọ bí òun yóò ti pín in.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Táíwò gbá 41 àti 43. Kẹ́hìndé gbá 42 àti 42. Ta ni yóò gba ife bí a bá wo mẹ́sàn-án ìkẹyìn? Ta ni yóò gbà á bí a bá pààrọ̀ àwọn mẹ́sàn-án náà?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí wọ́n ṣe ní Augusta ní ọdún 1935 àti gbígba ọ̀nà òsì ní St Andrews?

3. Nínú iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọjà tàbí iṣẹ́ ọwọ́, èwo ni a lè fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe ìparí láìsí ìpalára, èwo sì ni kò ṣeé yí padà?